Owó Bàbà Ọrùn Ìyá Brobo

Mo rántí ìgbà tí òórùn bàbà kì í kúrò ní ìka ọwọ́ mi. Mo lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti kírun, òórùn náà á tún kí mi ní imú. Ìyàwó mi a máa sọ pé òun kò mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ni òun fẹ́, pé bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni wọ́n sọ fún àwọn òbí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọkọ òun ń tà ní Bouaké, ìlú kan lókè Abidjan. Wọn kò purọ́ fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní àdúgbò Commerce kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí irú bọ́tìnnì tí aránṣọ lè béèrè tí n kò ní fa àpótí rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn àpótí síìpù, níbi tí ojú oníbàárà kò lè dé, mo ní agolo bisikíìtì kan níbẹ̀. Inú agolo yẹn ni ọkàn mi wà nígbà náà.

Owó ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí èèyàn lè fi ra iṣu. Kí ìjọba tó gbé owó onírin tuntun jáde, àwọn tó ń rọ ọ́ a máa kọ́kọ́ rọ díẹ̀ láti fi wo bí yóò ṣe rí. Owó tí wọ́n fẹ́ fi fàdákà rọ, nígbà mìíràn bàbà ni wọ́n á fi dán an wò, torí pé bàbà kò wọ́n. Àwọn aláṣẹ á gbé e sójú, ẹnìkan á ní irun obìnrin inú rẹ̀ kò wu òun, ẹlòmíràn á ní ẹyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ adìyẹ, wọ́n á sì gbé e tì. Èyí tí wọ́n bá gbà ni gbogbo ayé á máa ná. Èyí tí wọ́n kọ̀, ìba díẹ̀ tí wọ́n ti rọ nínú rẹ̀ á fọ́n ká, ọ̀kan á wà nínú àpótí ọ̀gá kan, òmíràn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, kò ní di owó, kò sì ní yé jẹ́ owó. Àwọn Faransé ṣe irú rẹ̀ sí owó tí wọ́n rọ fún ilẹ̀ yìí, wọ́n á kọ ESSAI sí i lára, ìyẹn “ìdánwò” lédè wọn. Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ló mú mi lọ́kàn, èmi tí n kò dé Amẹ́ríkà rí, tí n kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju kí n kí èèyàn lọ.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló kó mi wọ̀ ọ́, kí ogun abẹ́lé tó dé. Ilé ìwé kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá wá bọ́tìnnì kan tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa àwọn owó àtijọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà kó tó yọ́ wọn di ẹ̀gbà ọwọ́. Ó jókòó tì mí, kò sì dìde títí oòrùn fi yí. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ilé. Nígbà tí yóò padà sí ìlú rẹ̀, ó fún mi ní ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán owó ìdánwò ilẹ̀ wọn, ó sì fi ọ̀kan nínú irú owó bẹ́ẹ̀ lé e, bàbà kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ní kí n máa wò ó. Mo wò ó títí ó fi wọ̀ mí lára bí ibà.

Tí mo bá rántí ara mi nígbà yẹn, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí, ó sì ń rẹ̀ mí láti rẹ́rìn-ín. Mo di ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun lọ́sàn-án gangan nínú ooru Bouaké, bíi dókítà tó fẹ́ la ikùn èèyàn, nítorí owó tí kò lè ra àkàrà. Oníbàárà á dúró níwájú mi, á ní òun fẹ́ òwú dúdú, èmi á na ìka kan sókè pé kó ṣe sùúrù, mò ń ka ewé tó wà lára òdòdó tó yí orí obìnrin kan ká. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ilé wa ń jò nígbà òjò, agolo mi ni mo ń bò. Nígbà tí ogun dé tí a fi Bouaké sílẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, ìyàwó mi pọn ọmọ, ó ru ẹrù, ó fa ọmọ kejì lọ́wọ́. Èmi gbé agolo. Títí di òní, bí èdèkòyédè bá ṣẹlẹ̀ láàrin wa, á wo ojú mi, á bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Bàbáa wọn, agolo ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ á sì tán.

A padà dé nígbà tí ọ̀nà là. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ títí dórí ìlẹ̀kùn. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì funfun ti aṣọ ilé ìwé. Fóònù alágbèéká tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ ti wá dé nígbà náà, ìyẹn ló sì ba tèmi jẹ́ pátápátá, torí pé mo wá ń rí àwọn owó tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni mo ti ń pàdé wọn tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Abidjan tó ń fi owó àtijọ́ ṣòwò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń rà á. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bí nǹkan kan bá dé ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ pé apá mi ká, èmi ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó ìdánwò Amẹ́ríkà inú agolo mi di ìwọ̀nba tí ọwọ́ kan lè dì mú. Èyí tó dára jù kò sí níbẹ̀. Èyí tó dára jù kì í sí níbẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí, àmọ́ n kò mọ̀ pé ó ń rẹ̀ mí, mo rò pé ọjà tí kò tà ni.

Lọ́jọ́ ọjà Brobo, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Bouaké, ni mo máa ń kó ẹrù lọ fún àwọn aránṣọ ibẹ̀. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wa, á ti kún kó tó kúrò ní ibùdókọ̀, adìyẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, àpò iṣu lórí ọkọ̀, àpò bọ́tìnnì lórí itan mi. Ìyá arúgbó kan wà létí ọjà náà tó máa ń jókòó níwájú ilé rẹ̀ tó ń ran òwú, tí àwọn ahunṣọ Baulé, àwọn ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, sì ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń di funfun, ìka ló fi ń rí òwú. Oòrùn mú lọ́jọ́ kan, mo tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ síwájú láti gbé igbá omi fún mi, nǹkan kan yọ láti inú aṣọ rẹ̀, ó ń fì lórí okùn dúdú. Mo gba omi náà, n kò mu ún.

Orí obìnrin kan ni mo rí, wọ́n di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ìràwọ̀ yí i ká. Mo mọ obìnrin yẹn. Mo ti ń wò ó nínú ìwé òyìnbó mi láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà tí wọ́n ná, fàdákà ni, irun tirẹ̀ sì tú sílẹ̀. Bàbà ni eléyìí. Wọ́n ti lu ihò sí i lókè orí obìnrin náà, ibẹ̀ ni okùn gbà kọjá. Mo fi Jula, èdè tí gbogbo ọjà ń sọ, bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí n wò ó. Kò bọ́ ọ. Ó kàn na ọrùn sí mi, èmi Anago àgbàlagbà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀ síwájú arúgbó obìnrin lójú ọjà, mo fa dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yọ, mo ń yẹ àyà rẹ̀ wò. Àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Ìyá náà ń fi Baulé dá wọn lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì gbìyànjú láti mọ ohun tó ń sọ.

Ó ní ọkọ òun ló fún òun. Nígbà èwe wọn, ọkọ rẹ̀ ṣe alásè fún dókítà Amẹ́ríkà kan tó wá tọ́jú àwọn aláìsàn ní agbègbè náà. Nígbà tí dókítà náà ń lọ, ó fún un ní owó yìí, ó ní bàbá òun ló ni ín, pé ibi tí wọ́n ti ń rọ owó ló ti ṣiṣẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ná an rí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkọ rẹ̀ gbé wálé. Owó tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, tí kò ra ẹrú, tí kò ra ọtí, tí ẹnikẹ́ni kò sunkún lé lórí. Ọkọ rẹ̀ ní irú owó bẹ́ẹ̀ ló yẹ ọrùn ìyàwó. Ó lu ihò sí i, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ tó bí àkọ́bí wọn. Ọkọ ti kú, àkọ́bí ti kú, ọmọkùnrin kan ló kù, òun ló sì ń ṣe oko kajú lẹ́yìn ìlú. Mo sọ iye tí mo lè san. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mu omi mi.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ní ètò. Mo máa ń kó ṣúgà àti ọṣẹ dání fún un, àti obì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó ti wọ́ ṣe. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, mo gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn, mo jókòó tì í títí nọ́ọ̀sì fi pè é. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà sí ọgbọ́n ọdẹ tó ba sí ẹ̀bá odò. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá pẹ́ lẹ́bàá odò, òun náà á di ará ibẹ̀. Mo máa ń sọ̀rọ̀ owó ìdánwò fún un, nípa àwọn aláṣẹ tó kọ irun obìnrin, nípa ẹyẹ tó jọ adìyẹ. Kò yé e tán, àmọ́ ó ń fetí sílẹ̀, ìka rẹ̀ ń yí òwú, ó ń dáhùn pé “ẹ̀n-ẹ́n” níbi tó yẹ. Láti ọjọ́ tí òyìnbó mi ti lọ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi tí kò yán. Ó bi mí nípa Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, kò pọ̀, torí Bouaké ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo dé ilé bàbá mi. Ó ní ìyẹn ni pé èmi náà jẹ́ àlejò níbi méjèèjì. Kò fi bú mi. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òun ti ní orogún ní Brobo, pé orogún náà kò ní eyín mọ́, kí wọ́n má bẹ̀rù.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ayédèrú pọ̀ nínú owó àtijọ́, ojú ìfẹ́ kì í sì í rí àbùkù. Mo fi fóònù ya àwòrán owó náà tojú tẹ̀yìn, mo fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin Abidjan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó rí. Ó bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo sọ fún un, torí pé n kò rí ìdí tí n kò fi ní sọ. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn náà: “Ayédèrú ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò.” N kò sùn dáadáa lóru yẹn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo wọ gbaka. Mo sọ fún ara mi pé àwọn aránṣọ ń retí síìpù.

Mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú kan dúró níwájú ilé ìyá náà. Ọkùnrin Abidjan wà lórí àga, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọmọkùnrin ìyá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá jókòó sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò ta gìrì nígbà tó rí mi. Ó kí mi bí ẹni tó pàdé mi ní mọ́sálásí. Ọmọ ìyá ló ṣàlàyé fún mi, ó ní ọ̀gá yìí fẹ́ràn àwọn ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́, ó mọ̀ pé bàbà lásán ni, àmọ́ ó wù ú, ó sì fẹ́ fún ìyá òun ní nǹkan díẹ̀. Iye tó dá, kò lè bo igun kan nínú òrùlé ilé yẹn, òrùlé tó sì jẹ́ pé mo mọ gbogbo ibi tó ti ń jò. Ọmọ náà fẹ́ gbà. N kò dá a lẹ́bi, kajú kò tà dáadáa lọ́dún náà.

Ìyá dá òwú dúró. Ó yí ojú funfun náà sí ibi tí ohùn mi ti wá.

Ó ní, “Anago, ìwọ lo ti ń wò ó láti ìgbà yìí. Ṣé bàbà lásán ni?”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó kọjá lọ́kàn mi. Bí mo bá dákẹ́, owó náà yóò lọ ní ọ̀pọ̀. Bí mo bá sọ pé bàbà lásán ni, pé kò tó nǹkan tí èèyàn ń bọ́ kúrò lọ́rùn, ọkùnrin Abidjan kò lè já mi nírọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá á rẹ́rìn-ín, á dá a padà sínú aṣọ rẹ̀, ọmọ á lọ sí oko, èmi á sì máa bá a lọ pẹ̀lú ṣúgà àti ọṣẹ mi, títí ọjọ́ kan. Mo mọ ohun tí mò ń pè ní ọjọ́ kan. Ọ̀nà kẹta ni òtítọ́, ó sì dá mi lójú pé màá pàdánù lọ́nà yẹn náà. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àpò bọ́tìnnì léjìká, ó sì rẹ̀ mí lójijì, ó rẹ̀ mí dé eegun, gbogbo ọdún tí mo fi ń wá nǹkan tí mo sì ń fi í pamọ́ wá bà lé mi lórí. Ó ṣòro fún ẹni tó bá ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti purọ́.

Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe bàbà lásán. Bí ojú mi kò bá tàn mí, irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé. Èyí tí wọ́n ń sọ yẹn kò tó ìpín kan nínú ohun tó tó. Bó bá jẹ́ pé ayédèrú ni, ọ̀gá yìí kò ní wá láti Abidjan.”

Ọkùnrin Abidjan wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwọn oníṣòwò ń ṣe, ó ń fi kún un, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ihò tó ti ba owó náà jẹ́, ọmọ ìyá náà ti wá jí, ó ń wo ojú mi ní gbogbo ìgbà tó bá dá iye kan, èmi á mi orí, á tún fi kún un. Èmi ni mo ń tà á. Ohun tó wù mí jù láyé, èmi ni mo dúró tí mò ń gbé e sókè fún ẹlòmíràn. Nígbà tó dé ibi tí mo mọ̀ pé ó tọ́, n kò mi orí mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wá já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Mo bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí n padà sí Bouaké, pé màá ta gbogbo ohun tó wà nínú agolo mi, màá sì kó owó rẹ̀ wá fún un, kó tà á fún mi.

Ìyá ń fọwọ́ wá ẹsẹ̀ okùn náà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní, “Rárá. Bí mo bá tà á fún ìwọ, o ò ní wá mọ́.”

Ó tú okùn náà. Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá, ó sì kọ́kọ́ gbé e lé mi lọ́wọ́, kó tó di pé ó gbé e fún ẹni tó rà á. N kò wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbóná, ooru ara rẹ̀ ni. Ojú obìnrin inú rẹ̀ ti ń parẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn owó tó bá ti rìn láyé, ọwọ́ èèyàn ló máa ń họ wọ́n, èyí kò rin ibì kankan, àyà obìnrin kan ló họ ọ́. Mo wò ó tojú tẹ̀yìn, mo sì dá a padà fún ìyá. Mọ́tò aláwọ̀ eérú náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin Abidjan kò dá ìpè mi lóhùn mọ́, nígbà tó yá n kò pè é mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún kò, n kò dìde. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ìyàwó mi di ẹrù àwọn aránṣọ, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó wá dúró tì mí lórí ibùsùn, ó bi mí pé, “Ta ni ẹ ń bínú sí?” Mo ronú sí i, n kò rí ẹnì kankan. Ló bá fa aṣọ kúrò lára mi, ó ní kí n lọ kí orogún òun, kó má baà dà bíi pé òun ló dá mi dúró. Mo lọ. Ìyá wà níbi tó máa ń wà. Ọrùn rẹ̀ lásán ń ṣe mí bákan, bí ògiri tí wọ́n ti gbé àwòrán kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa abọ́ kan jáde, ó ti gún iṣu, ó ti se ọbẹ̀ sí i, ó ti dé e sílẹ̀ láti òwúrọ̀. A jẹun. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dárúkọ owó. Nígbà tí mo dìde, ó sọ pé òun ti sọ fún ọmọ òun pé mo máa wá, ọmọ òun ní n kò ní wá.

Òrùlé tuntun gorí ilé náà kí òjò tó dé. Ohun tó ṣẹ́kù nínú owó náà, wọ́n fi la ojú ìyá ní ilé ìwòsàn kan ní Bouaké, ọ̀dọ̀ wa ló sì wọ̀ sí. Òun àti ìyàwó mi kò gbọ́ èdè ara wọn ju Jula ọjà lọ, síbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀ mi tán pátápátá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀, èmi ló dúró níwájú rẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ó wo irùngbọ̀n mi tó ti funfun. Ó ní, “Ìwọ náà ti di arúgbó. Ohùn rẹ ló ń tàn mí jẹ.” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá padà sí Brobo, ó tún fi ojú rẹ̀ ran òwú fún ọdún díẹ̀. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ ló pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fún mi ní ìjókòó láàrin àwọn ọmọ, kì í ṣe láàrin àlejò. Mo jẹ́ Mùsùlùmí, n kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, mo kàn ń dìde nígbà tí wọ́n bá dìde.

Mo ti dàgbà gan-an báyìí. Ọmọ mi obìnrin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìbòrí fóònù ló ń tà jù, bọ́tìnnì kò sí lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn owó inú agolo, mo tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá béèrè, n kò jiyàn lórí iye, n kò sì rántí èyí tó lọ kẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ọmọ mi yìí gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Wọ́n ń ta owó kan lókè òkun, ó wà nínú ike tó mọ́ gaara. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi, ó sọ ọ́ ní Faransé fún mi: owó ìdánwò, bàbà, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnìkan ti lu ihò sí i, ojú rẹ̀ sì ti họ. Ọmọ mi bi mí bóyá inú mi kò dùn, pé òótọ́ ni mo sọ nígbà yẹn. Mo ní kó bá mi pa fóònù náà.

Àárẹ̀ tó wà lára mi báyìí, kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Mo ti fi ìdajì ayé mi wá ohun tí àwọn èèyàn gbé tì nílẹ̀ ibòmíràn, kò sì dùn mí pé n kò rí i mú. Ohun kan ni kò tíì gbọ́ sí mi lẹ́nu, ara mi ni. Bí ọjọ́ ọjà Brobo bá kò, ó ṣì máa ń jí mi ní ìdájí. Màá jókòó sétí ibùsùn, màá ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, màá máa ronú bóyá ṣúgà wà nílé, kó tó di pé mo rántí.